Ìbéèrè àti ìdáhùn: sípíkà olówó ńlá nínú pálọ̀ wa

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sípíkà gidi wọlé, àti ẹni tó ṣì ń tọ́jú owó rẹ̀. Mo máa ń bá àwọn èèyàn to ẹ̀rọ orin sínú ilé, àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí. Ohun kan wà tí ẹ ó rí tó ń padà wá nínú ìdáhùn mi: yàrá tí sípíkà wà ṣe pàtàkì tó sípíkà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ná gbogbo owó sórí àpótí méjì, wọn kì í ná kọ́bọ̀ sórí ògiri tó yí i ká.

Kí ni a ń sanwó fún gan-an?

Òótọ́ ohùn ni. Sípíkà tó ń pariwo pọ̀ lọ́jà, owó wọn kò sì ga. Èyí tó ń mú ohun tí àwọn olórin ṣe jáde láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀, òun ló ṣòro láti ṣe.

Ọdún 1925 ni Chester Rice àti Edward Kellogg ti ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà gbé irú sípíkà tí a ń lò títí dòní jáde. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì yí padà púpọ̀. Waya tí a wé roboto wà láàárín mágínẹ́ẹ̀tì. Tí iná orin bá gba inú waya kọjá, waya á máa mì, á máa ti bébà tó so mọ́ ọn síwá sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á sì gbé e dé etí wa. Ibi tí owó ń lọ ni kí bébà yẹn má lọ́ nígbà tó ń sáré, kí igi àpótí má bá a kọrin, kí etí má sì mọ ibi tí woofer, tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ti fa iṣẹ́ lé tweeter, tó ń gbé ohùn òkè, lọ́wọ́.

Floyd Toole ṣe ìwádìí lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní National Research Council ní Kánádà. Ó máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ sípíkà láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, kí wọ́n má mọ èyí tó ń dún. Nígbà tí orúkọ àti owó kò sí lójú wọn mọ́, èyí tí ohùn rẹ̀ tẹ́jú, tí ohùn tó ń tú lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jọ èyí tó ń bọ̀ níwájú, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń yàn. Nítorí náà, owó gọbọi nìkan kò tó ẹ̀rí. Mo ti gbọ́ sípíkà olówó iyebíye tó ń gún etí, mo sì ti gbọ́ èyí tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀ tó ń kọrin dáadáa.

Orin wo ni kí n fi dán an wò kí n tó sanwó?

Orin tí ẹ mọ̀ dénú ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ má ṣe gba èyí tí ọlọ́jà bá fi sí i, torí òun ti mọ orin tó ń bo àléébù ọjà rẹ̀.

Ohùn èèyàn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́, nítorí kò sí ohùn tí etí wa mọ̀ tó o. Tí akọrin bá dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kòkò, tàbí tí "s" àti "ṣ" rẹ̀ bá ń ta síni létí, ẹ wá òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́ ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Nínú orin jùjú, níbi tí gìtá bíi mẹ́ta ti ń dún pọ̀ tí béèsì sì ń rìn nísàlẹ̀, ẹ dẹ etí sí gángan. Lórí sípíkà tí béèsì rẹ̀ ń wú, ohùn ìsàlẹ̀ ìlù náà á rì sínú béèsì, ẹ ó gbọ́ pé ìlù ń dún ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ ohun tó ń wí. Lórí èyí tó dára, òwe tí onílù ń fi ìlù pa á yọ sókè ketekete, títí kan ibi tó ti fa awọ kí ohùn tó wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ fún mi pé àwo orin tí àwọn ti ń gbọ́ láti kékeré ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù inú rẹ̀. Fún èmi o, ìdí kan tó tóbi jù lọ tí Yorùbá fi yẹ kó ní sípíkà gidi nílé nìyẹn.

Ẹ wá fi orin àpàlà lé e. Agídìgbo á fi ìsàlẹ̀ hàn yín: ìró kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó sì dákẹ́ kí èkejì tó dé. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á fi òkè hàn yín: ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń lu igbá tí wọ́n sì ń yí i ká. Tí gbogbo rẹ̀ bá para pọ̀ di "ṣììì" kan ṣoṣo, tweeter yẹn kò dára tó.

Nǹkan méjì sí i. Tí ẹ bá ń fi sípíkà méjì wé ara wọn, ẹ rí i pé ohùn wọn ga bákan náà, nítorí èyí tó bá fi díẹ̀ ga jù ni etí máa ń sọ pé ó dára jù. Kí ẹ sì dín ohùn kù pátápátá, kí ó kù díẹ̀ kí ó dákẹ́: sípíkà tó dára ṣì máa ń sọ ìtàn rẹ̀ tán ní ohùn jẹ́jẹ́.

Mo rí èyí tí wọ́n kọ 5000 wọ́ọ̀tì sí lára, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí ló dé tí ti olówó ńlá fi jẹ́ 100 péré?

Nọ́ńbà ńlá yẹn, tí wọ́n máa ń kọ PMPO sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sí ìlànà gidi kan tó dè é. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ wo iye iná tó ń gbà. Tí ṣájà rẹ̀ bá jẹ́ fólítì 12 àti áńpù 2, wọ́ọ̀tì 24 ni gbogbo agbára tó ń wọlé. Ibo ni 5000 ti fẹ́ wá?

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni iye dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó, tí sípíkà ń mú jáde tí wọ́n bá fún un ní wọ́ọ̀tì 1, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní mítà 1 sí i. Púpọ̀ nínú sípíkà ilé wà láàárín 84 sí 90. Tí ti yín bá jẹ́ 87, wọ́ọ̀tì 10 á gbé e dé 97, wọ́ọ̀tì 100 á gbé e dé 107. Kí ohùn tó lè fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ga sí i, agbára gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí ańpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, ti wọ́ọ̀tì 50 àti ti 100 kò fi yàtọ̀ létí tó bí wọ́n ṣe yàtọ̀ lórí páálí. Nínú pálọ̀ lásán, wọ́ọ̀tì tí orin ń jẹ lọ́pọ̀ ìgbà kò ju bíi méjì mẹ́ta lọ. Ìyókù wà fún ìgbà tí ìlù bá dédé bú jáde.

Ańpílífáyà tí mo ní kéré. Ṣé ó lè ba sípíkà náà jẹ́?

Tí ẹ bá ń lò ó jẹ́jẹ́, rárá. Àmọ́ tí ẹ bá ń fi ipá mú un, bẹ́ẹ̀ ni, èyí sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ańpílífáyà tí agbára rẹ̀ ti tán máa ń gé orí ìgbì ohùn kúrò, gígé yẹn sì máa ń rọ agbára tí kò yẹ lé tweeter lórí, waya tín-ín-rín inú rẹ̀ á gbóná, á sì já. Ọ̀pọ̀ tweeter tí mo ti rí tó jóná, ańpílífáyà kékeré tí wọ́n ṣí dé òpin ló pa á. Tí ohùn bá ti ń ha, ẹ yí i sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún wo óòmù, ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ 4, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára ańpílífáyà pé ó lè gbé 4. Àwọn kan kò lè gbé èyí tó bá kéré ju 6 tàbí 8 lọ, wọ́n á máa gbóná títí wọ́n á fi pa ara wọn.

Ibo ni kí n gbé wọn sí?

Kì í ṣe sí kọ̀rọ̀ yàrá, kì í sì í ṣe inú ṣẹ́ẹ̀fù tẹlifíṣọ̀n láàárín àwo àlejò àti fótò ìgbéyàwó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kí ẹ̀yìn sípíkà jìnnà sí ògiri tó bíi 60 sẹ̀ǹtímítà sí mítà 1. Kí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú àlàfo láti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí orí yín níbi tí ẹ ń jókòó sí: mítà 2 àti díẹ̀ lọ́nà mẹ́ta ti tó nínú pálọ̀ wa. Kí tweeter wà ní ìwọ̀n gíga etí ẹni tó jókòó. Tí sípíkà bá kéré, ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà tàbí wẹ́ódà bá yín ṣe ìdúró tó wúwo. Orí tábìlì onígíláàsì kò dára. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ojú wọn wọnú díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ wá fi orin tí ẹnì kan ṣoṣo ń kọ sí i. Bí ó bá tọ́, akọrin á dúró sáàárín, níbi tí kò sí sípíkà kankan. Bí ohùn rẹ̀ bá fẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ẹ fà wọ́n súnmọ́ra. Bí kò bá sí àárín rárá, tí béèsì sì ti sá lọ, ẹ lọ wo waya: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé pupa sí dúdú lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń yẹ̀ wò nílé oníbàárà nìyẹn, mo sì máa ń bá a níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ sún sípíkà mọ́ ògiri díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún fà á jìnnà díẹ̀díẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 10 lè yí béèsì padà ju waya olówó iyebíye lọ. Tí ẹ bá ti rí ibi tó dùn, ẹ lẹ téèpù mọ́ ilẹ̀, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ lè dá a padà síbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù ó dùn gan-an. Nílé mi, ó ń pariwo, ó ń gún etí. Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ fún mi ni?

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun náà ni. Ilé wa ló yàtọ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, táìsì nílẹ̀, fèrèsé gíláàsì, àjà ilé tó tẹ́jú: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gba ohùn mì, gbogbo wọn ló ń dá a padà. Àwọn ilé onígi tí wọ́n ń kọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ kí béèsì jò jáde gba ara ògiri, ti wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ dúró sáàárín pálọ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan gbàá. Bí ẹ bá gbọ́ "zíín" tó tẹ̀lé e láàárín ògiri méjì, ohun tó ń gún etí yín nìyẹn.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Rọ́ọ̀gì tó nípọn láàárín sípíkà àti àga yín ni owó tó dára jù tí ẹ lè ná lẹ́yìn sípíkà fúnra rẹ̀. Kọ́tìnnì tó wúwo, tó ṣẹ́po, tẹ̀lé e. Èyí tó fẹ́lẹ́ kò ran ohunkóhun. Àga onífóómù dára ju àga aláwọ lọ, ṣẹ́ẹ̀fù tó kún fún ìwé tún dára.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń gbọ́ orin, kí ẹlòmíràn mú dígí dání, kí ó máa fà á lọ lára ògiri ẹ̀gbẹ́ ní gíga orí yín. Ibi tí ẹ bá ti rí tweeter nínú dígí náà, ibẹ̀ gan-an ni ohùn ti ń ta wá sí yín létí. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ògiri kejì. Kápẹ́ńtà lè fi igi ṣe férémù tó ga ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 60, tó jìn tó 10, kí ẹ kó fóómù tó rọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá sí i, kí ẹ sì fi àdìrẹ bò ó lójú. Ó máa ń rẹwà, àlejò á rò pé iṣẹ́ ọnà ni. Aṣọ òkè tí wọ́n kàn ta mọ́ ògiri lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí kò nípọn tó. Ohùn òkè pátápátá nìkan ló lè gbà mì.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ tún pàtẹ́wọ́.

Béèsì ń wú gbùù ní apá kan yàrá, ní apá kejì kò sí rárá. Kí ló fà á?

Gígùn yàrá ni. Ìgbì ohùn ìsàlẹ̀ gùn, ó sì máa ń há sáàárín ògiri méjì. Ẹ pín 343, tí í ṣe iye mítà tí ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sí ìlọ́po méjì gígùn yàrá. Yàrá tó gùn ní mítà 5 á máa wú ní nǹkan bíi 34 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti mítà 4, ní nǹkan bíi 43 Hz. Okùn tó wúwo jù lórí gìtá béèsì wà ní 41 Hz, ẹ rí i pé kò jìnnà. Yàrá tí gígùn àti ìbú rẹ̀ dọ́gba ló burú jù, nítorí ohùn kan náà ló ń wú lọ́nà méjèèjì.

Ohun tí kò náwó ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ẹ fa àga kúrò lára ògiri ẹ̀yìn, ẹ fa sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀. Tí sípíkà bá ní ihò lẹ́yìn, tó sì pọn dandan kí ó súnmọ́ ògiri, ẹ ki fóómù sínú ihò náà. Rọ́ọ̀gì àti kọ́tìnnì kò lè kápá béèsì. Ìgbì rẹ̀ gùn jù fún wọn. Àwọn ańpílífáyà kan wà báyìí tó ní máíkì tí wọ́n fi ń gbọ́ yàrá, tí wọ́n á sì fúnra wọn rẹ ibi tó wú sílẹ̀. Fún béèsì, mo fara mọ́ ọn gidigidi.

Nǹkan kan ń dún jìjìjì tí béèsì bá ti wọlé.

Lúfà fèrèsé, bọ́gúlárì, ìdérí iná àjà ilé, àwo nínú ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dákẹ́, kí ẹ wá fi fóómù pélébé há a.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń gbé. Ṣé kí n má wulẹ̀ dán an wò?

Ẹ dán an wò. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: sípíkà kékeré tó dára nínú yàrá kékeré máa ń dùn ju àpótí gíga tí béèsì rẹ̀ kò rí ibi lọ. Ní àwọn ọdún 1970, BBC ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ sípíkà tí àwọn ẹlẹ́rọ wọn lè fi gbọ́ ohùn nínú mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé ètò láti ìta. Wọ́n ṣe èyí tí wọ́n pè ní LS3/5A, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ kò pé 20. Kò ní béèsì púpọ̀, kò sì lè pariwo, ṣùgbọ́n ohùn èèyàn lórí rẹ̀ jọ ohùn èèyàn. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ti kọjá, àwọn èèyàn ṣì ń wá a rà.

Nínú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó súnmọ́ wọn, kí ó má ju mítà kan àbọ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣe súnmọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe gbọ́ sípíkà ju ògiri lọ, ará ilé kejì kò sì ní bá yín jà.

NẸ́PÀ ńkọ́?

Ìbéèrè tó dára. Sípíkà tí kò ní ańpílífáyà nínú kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú NẸ́PÀ. Ańpílífáyà ni kí ẹ dáàbò bò. Ẹ pa á nígbà tí iná bá lọ, kí ẹ má sì tàn án títí iná tó padà dé á fi dúró dáadáa fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Sitẹbiláísà tó dára pọn dandan níbi tí iná ti ń lọ sókè sódò. Bí mànàmáná bá ti ń kọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pípa á nìkan kò tó.

Lórí ínfátà, ẹ wò ó bóyá pure sine wave ni wọ́n kọ sí i. Èyí tí wọ́n kọ modified sine wave sí máa ń jẹ́ kí tiransífọ́mà inú ańpílífáyà máa kùn hùùù, ó sì lè gbóná. Oòrùn àti bátìrì ti sọ alẹ́ di ìgbà tó dára jù láti gbọ́ orin ní ìlú wa: jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, fáànù nìkan ló ń yí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké lẹ́yìn fèrèsé, kò sí sípíkà tó lè fi ibi jẹ́jẹ́ inú orin hàn yín, ẹ ó kàn máa ṣí i sókè láti borí rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ níbí?

Bó bá jẹ́ sípíkà lásán tí wọ́n ń fi waya so mọ́ ańpílífáyà, á ṣiṣẹ́ níbikíbi láyé. Bó bá jẹ́ ańpílífáyà, tàbí sípíkà tó ní ańpílífáyà nínú, ẹ ní kí wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún yín kí wọ́n tó sanwó. Iná wọn jẹ́ fólítì 120, tiwa 230. Tí wọ́n bá kọ 100–240V sí i, kò séwu. Tí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ ó nílò tiransífọ́mà tí ń rẹ iná sílẹ̀, tí agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ náà lọ dáadáa. Èyí tó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá rọrùn jù: fólítì kan náà, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà.

Kí wọ́n má ju páálí rẹ̀ nù o. Fóómù inú páálí yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ju ẹrù ní ibùdókọ̀ òfuurufú.

Ṣé kí n ra tòkunbọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá lè fojú rí i, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀. Wo etí bébà woofer, ibi tó ti so mọ́ irin. Tí etí náà bá jẹ́ fóómù, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: èyí tó ti gbó á wó lulẹ̀ bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, torí ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ yọ owó yẹn kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Onírọ́bà ń pẹ́ jù. Ẹ fi ìka mẹ́rin ti bébà náà wọlé bákan náà yíká. Bí ẹ bá gbọ́ pé nǹkan ń ha nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé etí sún mọ́ tweeter kọ̀ọ̀kan nígbà tí orin ń lọ, torí tweeter tó ti kú kì í fi ojú hàn.

Tí orúkọ ńlá bá wà lára rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò jọ ọ́, ẹ gbé e sókè. Ayédèrú máa ń fúyẹ́.

Waya wo ni kí n rà?

Waya bàbà tó nípọn tó 2.5 mm² ti tó fún pálọ̀ èyíkéyìí. Ẹ fi owó tó kù ra rọ́ọ̀gì.

Ṣé mo lè máa lo Bluetooth láti orí fóònù?

Ẹ lè lò ó nígbà tí ẹ bá ń dáná. Tí ẹ bá fẹ́ jókòó gbọ́ orin, ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ wà, torí Bluetooth tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò máa ń fún orin mọ́ra, á sì ju díẹ̀ nù nínú rẹ̀. Ẹ gba orí Wi-Fi tàbí kí ẹ fi waya so ó.

Síídì, tó jáde ní 1982, ṣì ń gbé orin pé pérépéré, kò sì ń jẹ dátà. Ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, orin tó ń sáré ní 320 kbps (iye dátà tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á jẹ dátà bíi 144 MB ní wákàtí kan. Èyí tí wọn kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀ lè jẹ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìyẹn. Mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n gba orin tí wọ́n fẹ́ràn sílẹ̀ ní òru tí dátà bá dínwó. Ìyàtọ̀ láàárín 320 àti èyí tó pé kò tó ìyàtọ̀ tí rọ́ọ̀gì kan ń mú wá, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Orin àtijọ́ tí mo fẹ́ràn burú lórí sípíkà tuntun yìí! Kí ni kí n ṣe?

Sípíkà òtítọ́ máa ń sọ òtítọ́ nípa ohun tí wọ́n gbé sí i. Ọ̀pọ̀ orin Yorùbá àtijọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ láti orí àwo tó ti ha, tàbí láti orí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dà kọ ní àdàkọ àdàkọ. Ẹ wá ẹ̀dà mìíràn, nígbà mìíràn àwo kan náà wà níbòmíràn tí ohùn rẹ̀ mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó jáde kí stereo tó gbilẹ̀ wà ní mono, ohùn kan náà ló ń ti apá méjèèjì jáde. Kì í ṣe pé sípíkà yín bàjẹ́ ni gbogbo ẹgbẹ́ fi dúró sáàárín. Ẹ jẹ́ kí etí yín mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn orin kan tàbí méjì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹni tó wà níwájú máíkì àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí máíkì kan ni wọ́n sábà máa ń yí ká nígbà náà. Àwọn elégbè tó dúró sẹ́yìn á dúró sẹ́yìn nínú pálọ̀ yín náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ orin òde òní lọ.

Wọ́n ní kí n jẹ́ kó dún fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kí ohùn rẹ̀ tó là.

Rọ́bà etí woofer máa ń rọ̀ díẹ̀ ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́. Ìyókù, etí yín ló ń mọ́ ọn lára. Bí kò bá dùn mọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ tètè dá a padà kí ọjọ́ tí ọlọ́jà fún yín tó pé.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù fún etí?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ènìyàn má gbọ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80. Bó bá dé 90, ó ti di wákàtí 4. Áàpù tó ń wọn ohùn wà lórí fóònù, kò péye pátápátá, àmọ́ á jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ wà. Sípíkà tó dára léwu ní ọ̀nà yìí, torí kò ń ha, ẹ kò sì ní mọ̀ pé ó ti ga. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó gbọ́, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Ìka ọmọdé àti tweeter olóríi roboto kì í gbé pọ̀. Ẹ má yọ ìbòrí iwájú rẹ̀. Ẹ sì so àpótí gíga mọ́ ògiri, torí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn á dì í mú.

Ṣé mo lè gbé e síta fún ìkómọ?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Níta kò sí ògiri tó ń ran béèsì lọ́wọ́, ohùn á fẹ́lẹ́, ẹnì kan á sì wá ṣí i sókè, ẹlòmíràn á tún ṣí i sí i, títí tweeter á fi jóná kí ọ̀gá onílù tó dé. Ẹ pe àwọn tó ń háyà ẹ̀rọ orin. Sípíkà tiwọn, òde ni wọ́n ṣe é fún, ẹ tètè bá wọn sọ̀rọ̀ pàápàá tó bá bọ́ sí ọjọ́ Sátidé.